Kóòdù Kì í Dárúkọ Ohun Tó Bàjẹ́ Lára Ọkọ̀

Ìgbàgbọ́ kan wà tí ó ń bí mi nínú ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ ọ: pé bí iná check engine bá ti tàn, kí a sáà so ẹ̀rọ ayẹ̀wò mọ́ ọkọ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò sì dárúkọ ohun tó bàjẹ́. Láti orí àwọn ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìlànà OBD-II, èyí tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fi ń yẹ ọkọ̀ wò tí ó sì ń fi kóòdù, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà, sọ ìṣòro tó rí, ti di dandan ní Amẹ́ríkà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń ka kóòdù sí orúkọ ohun èlò.

Ẹ jẹ́ kí a mú kóòdù P0171. Ohun tí ó ń sọ kò ju pé, ní apá kìíní ẹ́ńjìnnì, epo kò tó fún afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Nítorí pé sensor ọ́síjìn ni ó mú ìròyìn náà wá, òun ni wọ́n máa ń sáré pààrọ̀, iná náà a sì tún tàn. Sensor yẹn kò rí epo rárá. Inú ọ̀nà èéfín ni ó wà, ọ́síjìn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí epo ti jó ni ó ń ṣọ́: bí ọ́síjìn bá pọ̀, irú èyí tó wọ́pọ̀ yóò fi nǹkan bíi volt 0.1 ránṣẹ́, bí kò bá fẹ́rẹ̀ẹ́ sí, nǹkan bíi 0.9. Kọ̀ǹpútà ló wá ń ti ara ìyẹn ṣírò pé epo kéré.

Ohun tó wà nídìí kóòdù náà lè yàtọ̀: rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì lè ti ya, pọ́ọ̀ǹpù epo sì lè ti rẹ̀. Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni pulọ́ọ̀gì tí kò ṣáná: epo wà níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò jó, ọ́síjìn tí ì bá bá a jó yóò sì bá èéfín jáde, kọ̀ǹpútà yóò sì gbà pé epo ni kò tó, yóò tún fi kún un. Bákan náà ni bí ọ̀pá èéfín bá là kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ sensor, afẹ́fẹ́ ìta lè gba ibẹ̀ wọlé. Nínú méjèèjì, sensor kò purọ́. Ìbéèrè mìíràn ni ó dáhùn.

N kò sọ pé kóòdù kò wúlò. Àwọn kan wà tó sún mọ́ ohun èlò gan-an, bíi P0135 tó ń tọ́ka sí ọ̀nà iná tó ń mú sensor ọ́síjìn gbóná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà tàbí fíúsì lè wà nídìí ìyẹn náà. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó kọ́kọ́ pààrọ̀ sensor ṣe kòńgẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n n kò ní gbà kí wọ́n pe ìyẹn ní àyẹ̀wò.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa kóòdù rẹ́ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àkọsílẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí ìṣòro náà wáyé yóò bá a lọ. Bí iná check engine náà bá sì ń ṣẹ́jú, ẹ dín eré kù, kí ẹ sì dúró níbi tí kò léwu, nítorí epo tí kò jó lè ba catalytic converter, ohun èlò tó ń dín oró inú èéfín kù, jẹ́ kí ẹ tó délé.