Àlejò Ọjọ́ Mẹ́wàá: Kí Tíìmù Ajíhìnrere Tó Kọjá Bọ́dà

Bí tíìmù ajíhìnrere bá fẹ́ gbéra ní Iléṣà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, "Màmá Nọ́ọ̀sì, kí la máa dì sínú báàgì?" Mo máa ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ló máa ń ṣáájú. Ta ló pè yín? Kí ló ní kí ẹ wá bá òun ṣe? Bí ẹ bá padà sílé, ta ni yóò máa bá iṣẹ́ náà lọ? Tíìmù tí kò bá rí ìdáhùn sí ẹ̀kẹta kò tíì ṣe tán láti rìn, ì báà jẹ́ pé owó ti pé, tí ọkọ̀ sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe níbí títí mo fi fẹ̀yìn tì, èmi ni mo sì máa ń bójú tó ẹ̀ka ìwòsàn nígbà tí àwọn ará ìjọ wa bá ń lọ sí orílẹ̀-èdè Benin. Ọjọ́ mẹ́wàá péré la máa ń lò. À ń wàásù, à ń yẹ ara àwọn èèyàn wò, à ń bá àwọn ọmọdé kọrin. Agbègbè Kétu la sábà máa ń lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó jẹ́ pé ọmọ Odùduwà ni àwa àti wọn. Ohun tí ọjọ́ mẹ́wàá lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ni mo fẹ́ sọ, nítorí àìmọ ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni mo ti rí tó ń pa àwọn onílé lára jù.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Iléṣà, torí àwa náà ti jẹ́ onílé tí ajíhìnrere wá bá. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá Wesley Guild Hospital sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Wesley. Ní 1956 ni dókítà àwọn ọmọdé kan, David Morley, dé síbẹ̀. Èéyi, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti àìrí oúnjẹ gidi jẹ ń pa ọmọ nígbà náà, ọ̀pọ̀ ọmọ ni àìsàn sì ti wọ̀ lára kí wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù. Ó gbé iṣẹ́ lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó dá kílíníìkì sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, á fi àmì sí orí káàdì, ìyá ọmọ á sì mú káàdì náà lọ sílé. Bí ìlà orí rẹ̀ bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá dúró lójú kan tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, ewu ń bọ̀, ìyá tí kò kàwé gan-an lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti kárí ayé lónìí.

Ọdún bíi márùn-ún ni ọkùnrin yẹn lò ní agbègbè wa. Síbẹ̀, ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn ìyá tí kò ní kúrò nílùú ló fi iṣẹ́ náà sí. Bí ọlọ́dún márùn-ún bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí wá ni àwa ọlọ́jọ́ mẹ́wàá fẹ́ dì mú sọ́wọ́ ara wa?

Ìrìn-àjò mi àkọ́kọ́ ló kọ́ mi, ó sì ń dùn mí títí dòní. A tẹ́ tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò, èrò tò lọ bẹẹrẹbẹ. Ìyá kan tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún jókòó síwájú mi, mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, 190 lórí 110. Mo fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọjọ́ 14, mo ní kó máa lo ẹyọ kan láràárọ̀. Ó súre fún mi títí, inú mi dùn. Nígbà tí a padà lọ lọ́dún kejì, ìyá náà wá kí mi, ó tú igun ìró rẹ̀, ó mú oògùn náà jáde. Hóró mẹ́fà ṣì kù. Ó ní òun ń ṣọ́ ọ lò ni kó má bàa tán, ìgbà tí orí bá ń fọ́ òun nìkan ni òun ń gbé e mì.

Ẹ rò ó wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fọ́ni lórí, ó lè wà lára ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ara hàn, títí yóò fi da ẹnì kan dùbúlẹ̀ ní rọparọsẹ̀. Ọdún kan gbáko ni ẹ̀jẹ̀ ìyá yìí fi wà lókè, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé nọ́ọ̀sì Iléṣà ti wo òun sàn. Ká ní n kò fún un ní nǹkan kan, bóyá ì bá wá ìtọ́jú lọ síbòmíràn. Ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan sì wà nítòsí igi máńgòrò yẹn, tó ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. A kò yà síbẹ̀. A kò tilẹ̀ kí i.

Láti ìgbà náà la ti yí ọwọ́ padà. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, pásítọ̀ tó máa gbà wá lálejò á ti lọ bá àwọn aláṣẹ ìlera ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìwé ẹ̀rí tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì gbà ní Nàìjíríà kò fún un láṣẹ láti ṣe ìwòsàn nílẹ̀ ibòmíràn, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré yẹn ni ọ̀gá tábìlì wa báyìí. Bí a bá fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, á kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á fẹ̀yìn ti àga, á gbé apá lé tábìlì, a ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Faransé, ẹnì kan nínú wa á sì mú onítọ̀hún lọ́wọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì. N kì í pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ lábẹ́ igi mọ́ láé. Owó tí à bá fi ra oògùn láti ilé, ilé oògùn ọ̀dọ̀ wọn la ń ná an sí, kó lè jẹ́ pé irú oògùn tí aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í lò ni yóò tún rí rà nígbà tí a bá ti lọ.

Bí ìjọ kan bá ta kú pé òun yóò kó oògùn dání, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kó ṣẹ́ ku ó kéré tán ọdún kan kí oògùn ìtọrẹ tó bàjẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé ilẹ̀ tí wọ́n ń fi í ta lọ́rẹ, kí ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì jẹ́ èdè tí àwọn oníṣẹ́ ìlera ibẹ̀ gbọ́. Oògùn tí àwọn ará ìjọ lò kù nílé kò sí nínú ètò. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun àwọn tó mú un wá, ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á.

Ohun tí ọjọ́ mẹ́wàá lè ṣe dáadáa wà. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti lé lógójì ọdún kì í ríran kàwé mọ́, awò ojú olówó pọ́ọ́kú sì tó láti jẹ́ kí ìyá kan tún máa ka Bíbélì rẹ̀ tàbí kó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Kò nílò ẹni tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri lẹ́yìn náà. Oògùn aràn náà wà níbẹ̀, bí nọ́ọ̀sì wọn bá ní ó tó àkókò. Àwọn ọmọ lè ti gbà á nílé ìwé lóṣù tó kọjá, ẹ bèèrè.

Mo máa ń ronú kan àwọn bàbá wa òṣómàáló. Ẹni tó ta aṣọ láwìn nílùú òkèèrè mọ̀ pé òun ń padà bọ̀ wá gba owó òun. Ìdí nìyẹn tó fi mọ agbo ilé, tó mọ orúkọ oníbàárà, tó sì mọ ìgbà tí irè oko ń wọlé. Tíìmù tó mọ̀ pé abúlé kan náà lòun yóò padà sí kò ní hùwà ẹni tó ń kọjá lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ìjọ kan lọ sí abúlé kan lẹ́ẹ̀márùn-ún ju kó ya àwòrán ní orílẹ̀-èdè márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìn-àjò kò gùn. Nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tó dé Abẹ́òkúta, tó sì dé ọ̀dọ̀ ọba Dahomey ní Abomey ní 1843, kò sí bọ́dà tí à ń sọ yìí. Lónìí, ọmọ Nàìjíríà lè wà ní Benin, Togo tàbí Ghana fún 90 ọjọ́ láìgba físà, nítorí àdéhùn ECOWAS, ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Niger, Mali àti Burkina Faso ti jáde nínú ECOWAS ní oṣù kìn-ín-ní 2025, nítorí náà kí ẹni tó ń lọ síbẹ̀ wádìí lọ́tọ̀. Yẹ́lò káàdì, ìyẹn ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ṣe pàtàkì. Ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán kí ẹ tó dé bọ́dà, torí kò tíì múlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Láti 2016, ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó fún gbogbo ayé ẹni. Aláboyún, ẹni tí ara rẹ̀ kò lágbára láti bá àrùn jà, àti ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí kò gbà á rí, kí wọ́n rí dókítà kí wọ́n tó gbà á. Ẹ má ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín lábẹ́rẹ́. Irọ́ ni yóò jẹ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ tí ajíhìnrere fi wọ ìlú.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi ń sọ ti oúnjẹ. Yorùbá ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ là ń san án. Mo ti bá ìyàwó pásítọ̀ kan tó gbà wá lálejò ní ibi tó ti ń ka owó sẹ́fà tí yóò san fún aládìyẹ, lẹ́yìn tí èèyàn méjìlá ti jẹun nílé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò jẹ́ kí a mọ̀ rárá. Ẹ gbé owó oúnjẹ, omi àti epo jẹnẹrétọ̀ lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá dé, kí wọ́n tó gbé ìkòkò kaná.

Ní ti èdè, Yorùbá Kétu yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀ṣà, etí yóò nílò ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó mọ́ ọn lára. Bí ẹ bá dé àárín àwọn Fọn, ògbufọ̀ lẹ ó lò, Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ràn yín lọ́wọ́, torí Faransé ni èdè ìjọba. Ẹ sọ gbólóhùn tó pé, ẹ dúró fún ògbufọ̀, ẹ gé ìwàásù sí ìdajì. Kí ẹ tó gbé gbohùngbohùn jáde, ẹ ti kí baálẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Kétu, inú oṣù kìn-ín-ní sì ni ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀ máa ń bọ́ sí jákèjádò Benin. Ajíhìnrere tó bá bú ohun tí àwọn bàbá ibẹ̀ bọlá fún yóò wọkọ̀ padà wá sí Iléṣà, pásítọ̀ ibẹ̀ ni yóò máa bá àwọn aládùúgbò gbé.

Àwòrán ọmọlọ́mọ ńkọ́? Ẹ gba àyè lọ́wọ́ òbí kí ẹ tó yà á, ẹ má sì gbé ọmọ tó wà níhòòhò tàbí tí ara rẹ̀ kò yá sórí ẹ̀rọ ayélujára. Kí ọmọ tíìmù kankan má sì dá nìkan wà pẹ̀lú ọmọdé ní kọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ kó oògùn ara yín sí báàgì ọwọ́, kí ó tó ọjọ́ ìrìn-àjò kí ó sì lé. Ẹ sun abẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Ẹ má rìn lóru. Ẹ má sì gun zémidjan, ọ̀kadà ọ̀dọ̀ wọn, láìdé akoto. Bí ibà bá ṣe yín lẹ́yìn tí ẹ délé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti dé.

Ìyá onígun-ìró yẹn ṣì wà. Ó ti ní ìwé kékeré kan tó ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn lóṣooṣù. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, mo bá a lọ síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 138 lórí 84. Nọ́ọ̀sì wọn ló wọ̀n ọ́n, òun ló kọ ọ́ sínú ìwé, èmi jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ńṣì, mo bá ìyá di báàgì rẹ̀ mú.