Kámẹ́rà ojú ọ̀nà ẹran tí ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù: bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́

Lára páálí àwọn kámẹ́rà tí ọdẹ Amẹ́ríkà ń so mọ́ igi, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn ra ohun tí wọn ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ni wireless. Gbogbo ohun tó sọ kò ju pé kò sí wáyà lọ. Kò sọ ọ̀nà tí fọ́tò máa gbà dé ọ̀dọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Oríṣi mẹ́ta ló sì ń jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí.

Èkíní ń lo WiFi tàbí Bluetooth. Ẹ gbọ́dọ̀ dúró nítòsí igi náà, nǹkan bíi mítà 10 sí 15, kí fóònù yín tó lè gba fọ́tò. Ó dára fún kámẹ́rà tí ẹ gbé sókè tí ọwọ́ ò tó, àmọ́ kò ní kí ẹ má rìn dé inú igbó. Èkejì ń fi rédíò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀: èyí tó wà létí odò á gbé fọ́tò fún èyí tó wà lórí òkè, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀kan tó jẹ́ olórí wọn. Ẹ̀kẹta ní síìmù nínú bíi fóònù, àwọn ọdẹ ibẹ̀ sì ń pè é ní cell cam. Ẹ̀kẹta yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí òun nìkan ló lè fi fọ́tò bá yín nílé nígbà tí igbó wà ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí yín.

Ẹran tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ so ó ni àgbọ̀nrín onírù-funfun. Àgbọ̀nrín la pè é nítorí pé kò sí orúkọ mìíràn tó sún mọ́ ọn, àmọ́ kì í ṣe ẹran inú igbó wa. Tiwa kì í wọ́ ìwo, ìwo tó bá hù lórí akọ ni yóò bá a kú. Akọ ti Amẹ́ríkà ń wọ́ ìwo tirẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn àsìkò gígùn (ìgbà tí akọ ń gun abo), òmíràn á sì tún hù. Ẹni tó bá ń fi ìwo nìkan dá akọ kan mọ̀ nínú fọ́tò yóò sọ ọ́ nù tí òtútù bá ń parí lọ. Etí tó ya, àpá ara àti funfun ọ̀fun, irú àwọn wọ̀nyí ló ń bá a dé ọdún kejì.

Ẹ jẹ́ ká wo inú àpótí náà. Kámẹ́rà yìí kì í wo igbó tọ̀sán-tòru. Ó ń sùn ni. Ohun tó ń jí i ni ike kékeré kan tó yọ bọ́nbọ́ lábẹ́ lẹ́ńsì, tí ojú tó ń mọ ooru wà lẹ́yìn rẹ̀. Ike náà pín iwájú kámẹ́rà bí ìgbà tí wọ́n la poro sínú oko. Bí ohun tí ooru ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àyíká bá ti inú poro kan bọ́ sí òmíràn, kámẹ́rà á jí, á ya fọ́tò. Nǹkan méjì ni kó pé: kí ooru yàtọ̀, kí ohun náà sì gba ìdábùú kọjá. Ẹni tó bá di èyí mú ti mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Ní ọ̀sán gangan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbóná tó ara ẹran, ó lè má rí àgbọ̀nrín tó wà níwájú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ tútù, á rí i láti ibi tó jìn. Ẹran tó ń bọ̀ tààrà wá bá kámẹ́rà máa ń pẹ́ nínú poro kan ṣoṣo, fọ́tò rẹ̀ kì í sì í yá. Ewéko tí oòrùn ti pa, tí atẹ́gùn ń mì, jọ ẹran lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè gba ọgọ́rùn-ún mẹ́ta fọ́tò koríko lọ́jọ́ kan, tí dátà àti bátìrì yín sì lọ sí i.

Nítorí náà, ẹ má kọjú kámẹ́rà sí ojú ọ̀nà ẹran bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ gbé e ní ìgẹ̀rẹ́ (ìdajì igun títọ́, 45°) kí ẹran lè pẹ́ díẹ̀ nínú fọ́tò, kó sì gba inú poro kọjá. Mítà 5 sí 8 ló yẹ kó wà láàárín igi àti ojú ọ̀nà. Gíga rẹ̀ kí ó tó àyà àgbọ̀nrín, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90 sí ilẹ̀. Bí olè bá wà ní àdúgbò, ẹ gbé e tó mítà 2 àbọ̀ kí ẹ sì tẹ orí rẹ̀ ba, kí ẹ fi igi kékeré há a lẹ́yìn. Ojú rẹ̀ kí ó wo àríwá. Ní Amẹ́ríkà, apá gúúsù ni oòrùn ń rìn sí, èyí tó bá sì kọjú sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn yóò máa ya oòrùn fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ìyẹn gan-an ni wákàtí tí àgbọ̀nrín ń rìn. Ẹ gé gbogbo ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀. Igi tí ẹ so ó mọ́ kí ó nípọn tó itan ènìyàn, torí igi tín-ín-rín tí atẹ́gùn ń mì ń mú kámẹ́rà rò pé gbogbo igbó ló ń rìn.

Àgbọ̀nrín tó ń rọra rìn lè lọ tó mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kámẹ́rà tó bá ń lo ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó jí, ìdí ẹran ló máa yà. Ẹ wá èyí tí kò kọjá ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá fún ojú ọ̀nà. Bí ibi tí ẹran ti ń dúró bá ni, irú bí abẹ́ igi óákù tí èso rẹ̀ ń jábọ́, tàbí ibi tí akọ ti fi pátákò ha ilẹ̀ tó sì tọ̀ sí i, ìyára kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì níbẹ̀.

Lóru, iná infrared (irú èyí tí ojú ènìyàn kì í sábà rí) ni ó ń tàn, ìdí sì nìyẹn tí fọ́tò òru fi máa ń jẹ́ dúdú àti funfun. Oríṣi rẹ̀ méjì ló wà. Èyí tí wọ́n kọ 850 sí ń tàn jìnnà, àmọ́ ojú ènìyàn lè rí i bí ẹ̀yinná pupa tó ń kú lọ. Èyí tí wọ́n kọ 940 sí kì í hàn sójú ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í tàn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, fọ́tò rẹ̀ sì ń rí wúruwùru. Lórí ilẹ̀ ìjọba tí ẹnikẹ́ni lè gbà kọjá, 940 la máa yàn, nítorí pé olè ni ó ń wá ẹ̀yinná náà kiri ju àgbọ̀nrín lọ.

Ibi tí owó ń bá lọ jù ni síìmù àti bátìrì, wọ́n sì so mọ́ra wọn. Lẹ́yìn tí kámẹ́rà bá ya fọ́tò, ó gbọ́dọ̀ jí ẹ̀rọ síìmù, kó wá òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó wọlé, kó tó fi fọ́tò ránṣẹ́. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lẹ, á máa pariwo pè é, á máa gbìyànjú léraléra, bátìrì tí ì bá lò tó oṣù mẹ́ta á sì kú láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tí bátìrì bá ń kú ní kíákíá, ẹ kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi. Fóònù yín kò lè jẹ́rìí sí i bí ilé iṣẹ́ síìmù rẹ̀ kì í bá ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti kámẹ́rà. Ẹ fi áńtẹ́nà rẹ̀ dúró ṣánṣán, ẹ gbìyànjú ogún ìṣísẹ̀ sí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ sì fi fọ́tò ìdánwò ránṣẹ́ kí ẹ tó kúrò nídìí igi.

Bátìrì AA 8 tàbí 12 ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Álíkáláìnì tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń tà máa ń rẹ̀wẹ̀sì nínú òtútù, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Michigan àti Minnesota, òtútù sì pọ̀. Lítíọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́ títí dé 40°C nísàlẹ̀ òdo, ó wọ́n, ó sì tó owó rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń chájì máa ń ní fọ́ọ́tì (volt) 1.2 dípò 1.5. Tí 8 bá tò tẹ̀lé ara wọn, 9.6 ni kámẹ́rà á rí dípò 12, á sì kéde pé bátìrì ti ń tán nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wọ́n sínú rẹ̀. Ẹ má dà wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá fi sólà kún un, ẹ rántí pé kámẹ́rà ń wo àríwá, gúúsù ni sólà gbọ́dọ̀ wo. Wáyà gígùn ni ẹ máa fi so ó mọ́ igi mìíràn tí ìbòji kò bò.

Ẹ ṣètò áàpù kó máa kó fọ́tò jọ ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ dípò kó máa jí síìmù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tó ń dé orí fóònù jẹ́ kékeré tí wọ́n ti fún pọ̀, ojúlówó rẹ̀ wà lórí káàdì. Káàdì SD ńlá ni kí ẹ lò, 32 GB tó, inú kámẹ́rà náà ni kí ẹ sì ti pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ (format), ẹ má ṣe é lórí kọ̀ǹpútà. Bí kámẹ́rà bá ní kò lè kọ nǹkan sí i, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ káàdì: ike kékeré kan tó ṣeé sún wà níbẹ̀ tó ń tì í pa, ó sì máa ń sún nígbà tí ẹ bá ń tì í wọlé. Ẹni tó bá ń ra àlòkù kó béèrè bóyá 4G ni. Ní 2022 ni àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ńlá Amẹ́ríkà pa 3G, kámẹ́rà tí kò mọ̀ ju 3G lọ lè ya fọ́tò síbẹ̀, kò ní fi í ránṣẹ́ mọ́ láé.

Tí fọ́tò bá ń wọlé, aago ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Akọ ńlá tó kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní aago méjì òru kò tíì di ẹran yín, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n yìnbọn fún un lóru. Fọ́tò kan ṣoṣo ní ojúmọmọ ṣe pàtàkì ju mẹ́wàá náà lọ, pàápàá tí ẹ bá kọ apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lọ́jọ́ náà sílẹ̀. Ẹ ṣọ́ra ní oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù náà ni Amẹ́ríkà ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, àsìkò gígùn sì ń gbóná nígbà náà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ àríwá. Kámẹ́rà tí aago rẹ̀ kò yí yóò sọ pé aago méje ni akọ kọjá, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́fà ni.

Èrè tó tóbi jù nínú síìmù kì í sì í ṣe pé ìròyìn ń yá. Ohun tó dára jù ni pé ẹ ò ní lọ máa wá káàdì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá dé ìdí igi ni òórùn yín ń kù síbẹ̀, akọ tó ti dàgbà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ wọ bàtà rọ́bà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ọ̀sán gangan ni kí ẹ lọ, ojú ọ̀nà ẹran kọ́ ni kí ẹ sì gbà.

Òfin kò bára mu láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ẹ wò ó kí ẹ tó san owó síìmù. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2022, Arizona kò gbà kí kámẹ́rà ṣèrànwọ́ fún pípa ẹran rárá. Kansas fi òfin dè é ní 2023 lórí ilẹ̀ tí ẹ̀ka ẹranko ìjọba ìpínlẹ̀ ń bójú tó. Ẹgbẹ́ Boone and Crockett, tí Theodore Roosevelt, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní 1887 tó sì ń kọ ìwọ̀n ìwo ńlá sílẹ̀, kì í gba ẹran tí wọ́n fi fọ́tò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tọ ipasẹ̀ rẹ̀ pa. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé ẹran gbọ́dọ̀ ní àyè láti sá. Ní Nevada, lórí ilẹ̀ ìjọba, kámẹ́rà lásán gbọ́dọ̀ kúrò lórí igi láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ títí di ìparí ọdún. Èyí tó ń fi fọ́tò ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kúrò ní oṣù kan ṣáájú.