Ta Ní Sọ fún Yín Pé Inú Yín Dọ̀tí?

Iléyá ṣẹ̀ṣẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó jẹ ẹran àgbò àjẹyó ló fẹ́ kí n kọ oògùn ìfọnú fún òun. Tí mo bá ní kò sí, wọ́n á máa wò mí bí ahun tó ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀dọ̀ alágbo tó wà lẹ́nu géètì wa ni wọ́n máa ń yà sí bí wọ́n bá ń lọ.

Ti ikùn àti ìfun kì í ṣe ọ̀rọ̀ púpọ̀. Oúnjẹ á dà, ìfun kékeré á fa ohun tó wúlò nínú rẹ̀, ìfun ńlá á fa omi, ìyókù á di ìgbẹ́. Kò sí ìdọ̀tí ọlọ́dún mẹ́ta tó lẹ̀ mọ́ ìfun ẹnikẹ́ni. Awọ inú ìfun ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ibo ni ìdọ̀tí náà á wá lẹ̀ mọ́? Ohun dúdú tó ń yọ̀ tí ẹ ń rí lẹ́yìn tí ẹ mu àgbo, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìfun ni, pẹ̀lú àwọ̀ àgbo fúnra rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ ara, wọn kì í sì í sinmi. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun bọ̀, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń gbà á kó tó dé ọkàn. Ammonia, májèlé tó wá láti inú ẹran tí ẹ jẹ, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di urea tí kò le tó o, kíndìnrín á dà á sínú ìtọ̀. Ọ̀nà kan náà ni ọtí, panadol àti àgbo ń gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti kíndìnrín dáadáa, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù lọ, asẹ́ tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Omi tí méjèèjì ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó lítà 180, ṣùgbọ́n lítà kan sí méjì péré ni ẹ ń tọ̀. Wọ́n ti fa ìyókù padà. Ẹ̀rọ tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti kú ga tó ọmọdé, wákàtí mẹ́rin ló ń gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, síbẹ̀ kò lè ṣe é tó kíndìnrín.

Omi tí wọ́n ń fà padà yẹn gan-an ni ewu. Bí omi ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni májèlé tó bá wà nínú rẹ̀ ń ki sí i, ara kíndìnrín ló sì ń jìyà rẹ̀. Tí àgbo bá tún mú yín yàgbẹ́ gbuuru, omi ara á gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé kíndìnrín á dín kù, potassium, iyọ̀ ara tó ń mú ọkàn lù déédéé, á bá ìgbẹ́ lọ, ọkàn á máa lù ségesège.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ewé ni, kò lè pani. Ní Brussels, lórílẹ̀-èdè Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sókè, àwọn obìnrin tó fẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lo oògùn ewé kan. Wọ́n ti ṣi ewé mú, ìran Aristolochia ni wọ́n fi sí i. Àwọn tí kíndìnrín wọn bàjẹ́ lé ní 100, jẹjẹrẹ tún mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà. Gbòǹgbò tí àwọn elégbòogi wa ń pè ní akọ-igún, ìran Aristolochia kan náà ni. Ó wà lórí àtẹ ní ọjà yín.

Ẹ ó ní àwọn bàbá wa mu ún, wọ́n sì dàgbà. Ta ló yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò dàgbà wò? Kíndìnrín kì í pariwo. Ó lè ti bàjẹ́ kọjá ìdajì kí olúwa rẹ̀ tó mọ nǹkan kan, nígbà yẹn alágbo ti gbàgbé ojú rẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ gbé ìgò kan wá fún mi, ó ní kí n bá òun yìn ín. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń mu ún. Ìtọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ọṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Alágbo ní ìdọ̀tí ló ń sọ̀ kalẹ̀, ó ní kó mu ife kún ife. Ìyá mu ún. Ìgbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, kò lè sùn gbalaja mọ́ nítorí omi tó kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú ìgò náà, ó ní, “Dókítà, wọn kì í bi alágbo bẹ́ẹ̀ yẹn.” Ẹ̀rọ ló gbé e ró báyìí. Wọ́n ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń tì í wá, mo rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá níwájú alágbo kan náà, ife lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń fọ̀ dáadáa nínú, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kó yẹ ìtọ̀ wò bóyá protein wà nínú rẹ̀, kó yẹ creatinine, ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa fọ̀ dànù, wò nínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, lọ́dọọdún ni o. Tí ẹ bá ti mu àgbo, ẹ gbé ìgò rẹ̀ dání wá, kí ẹ sì sọ òótọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì wa kò ní bá yín jà. Èmi ni mo lè pariwo díẹ̀.