Ìdí Tí Wúrà Fi Ń Pupa Fòò Bí Ó Bá Kéré Jọjọ: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Nánò

Ìbéèrè: Báwo ni nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kí a tó lè pè é ní nánò?

Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánómítà. Irun orí ènìyàn nípọn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nánómítà, nígbà tí okùn DNA fẹ̀ tó nǹkan bí nánómítà 2. Ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà láàárín nánómítà 1 sí 100 ni àwọn onímọ̀ sábà máa ń kà mọ́ agbo yìí.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n kàn gé wẹ́wẹ́?

Rárá o, ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Wúrà tí a sọ di èérún tí kò ju nǹkan bí 20 nánómítà lọ, tí a sì pò mọ́ omi, kì í dán bíi wúrà mọ́. Ṣe ni omi náà máa ń pupa fòò, Michael Faraday, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bírítéènì, sì ti kọ̀wé nípa rẹ̀ láti 1857. Ohun tó fà á ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá kan irú èérún bẹ́ẹ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun bíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, máa ń jùmọ̀ mì síwá sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni wọ́n sì ń fà mọ́ra jù, tó fi jẹ́ pé èyí tó pupa ló ń ṣẹ́ kù fún ojú wa láti rí.

Ìdí kejì tí kíkéré fi ń yí ìṣe nǹkan padà wà níbi tí ojú nǹkan ti ń pọ̀ sí i. Bí a bá gé ohun onígun mẹ́rin tó ní ojú mẹ́fà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 títí ẹ̀gbẹ́ èérún kọ̀ọ̀kan fi di nánómítà 1, gbogbo ojú wọn lápapọ̀ yóò kọjá láti sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú lóòró sí 6,000 mítà níbùú lóòró, bẹ́ẹ̀ ohun náà kò sì wúwo jù bó ṣe wà lọ. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ojú ni nǹkan fi ń kan nǹkan mìíràn, ohun tó ń lọ́ra tẹ́lẹ̀ lè wá yára ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Ìbéèrè: Kí ni ìṣègùn ti rí gbà nínú rẹ̀?

Èyí tó hàn gbangba jù ni àjẹsára COVID-19 ti Pfizer àti BioNTech, àti ti Moderna, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ènìyàn ní ìparí 2020. Ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń kà kí ó tó lè ṣe purotéènì ni mRNA inú wọn, ṣùgbọ́n bí a bá dà á sínú ara lásán, àwọn ẹ́ńsáìmù, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń tú nǹkan ká nínú ara, yóò ti tú u ká kí ó tó débi tí à ń rán an. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ọ̀rá dì í sínú èérún tó tó nǹkan bí 100 nánómítà, tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gbé mì, kí ọ̀rá náà tó tú, kí mRNA sì bọ́ síta. Ọgbọ́n náà kò dédé bẹ́ sílẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn: ní 2018 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí Onpattro, oògùn àìsàn àjogúnbá kan tó ń ba nẹ́ẹ̀fù jẹ́, tí òun náà ń gba inú irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ wọ ara.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni oògùn nánò máa ń wá jẹjẹrẹ rí fúnra rẹ̀?

N kò ní gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Nígbà tí àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí ọdún mẹ́wàá jọ ní 2016, wọ́n rí i pé ìdá èérún nánò tó ń dé inú kókó jẹjẹrẹ lára àwọn ẹranko kò sábà tó 1 nínú 100, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ń fa púpọ̀ nínú ìyókù mọ́ra. Àǹfààní Doxil, oògùn jẹjẹrẹ kan tí wọ́n dì sínú àpò ọ̀rá, tó gba àṣẹ ní 1995, ni pé àpò ọ̀rá rẹ̀ ń dín ìpalára tí oògùn náà lè ṣe fún ọkàn aláìsàn kù.

Ìbéèrè: Ṣípù "3 nánómítà" tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà àti fóònù ńkọ́?

Orúkọ ọjà lásán ni. Kò sí ibì kan pàtó lára tiransísítọ̀ rẹ̀, ìyẹn àwọn ohun kéékèèké tó ń tan iná tó sì ń pa á nínú ṣípù, tí 3 yẹn ń wọ̀n. Ìṣòro tó wà nídìí kíkéré ní tirẹ̀ kì í ṣe orúkọ lásán. Nígbà tí awọ tó yẹ kí ó dá iná mànàmáná dúró kò nípọn ju nǹkan bí nánómítà 1 lọ mọ́, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ìyẹn ló sì mú kí Intel, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣípù, fi ohun tí wọ́n ṣe láti ara mẹ́táàlì tó ń jẹ́ hafnium rọ́pò rẹ̀ ní 2007.

Ìbéèrè: Gbalasa òfuurufú ńkọ́?

Iṣẹ́ tó ti ṣe níbẹ̀ kì í ṣe èyí tí ń pariwo. Ọkọ̀ Stardust, tó gbéra ní 1999, fi aerogel, ohun fífúyẹ́ tí ihò inú rẹ̀ kéré dé ìwọ̀n nánómítà, gba eruku ìràwọ̀ onírù tí wọ́n ń pè ní Wild 2 mú ní 2004. Eruku náà ń sá ní nǹkan bíi kìlómítà 6 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣẹ́ kù tí wọ́n fi gbé e dé ayé ní 2006. Ní ti okùn tí wọ́n ní wọn yóò fi ọ̀pá káábọ́ọ̀nù tó kéré dé ìwọ̀n nánómítà hun láti ilẹ̀ dé òfuurufú, kí ẹ̀rọ lè máa gùn ún lọ sókè, nǹkan bíi 36,000 kìlómítà ni yóò kọ́kọ́ gùn kí ó tó dé ibi tí ọ̀nà rẹ̀ ti ń bá yíyí ayé dọ́gba, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí ìdajì mítà ni ọ̀pá káábọ́ọ̀nù tó gùn jù tí wọ́n kéde ní 2013.