Àníyàn nípa àrùn tó ṣọ̀wọ́n

Àníyàn nípa àrùn tó ṣọ̀wọ́n jẹ́ ẹ̀ka kan lára àníyàn ìlera. Ó jẹ́ ẹ̀rù pé kòkòrò àrùn kan tí kì í sábà mú èèyàn ti wọ ara ẹni, tàbí pé ó kù díẹ̀ kó wọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣe kì í ṣe òpùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀lẹ tó ń wá ìdí láti má lọ síbi iṣẹ́. Àyà rẹ̀ ń já ní tòótọ́, kì í rí oorun sùn, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ara rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìṣọ́ra lásán ni pé ẹ̀rí kì í tó o. Dókítà lè sọ pé kò sí nǹkan, èsì àyẹ̀wò sì lè jáde láìní àbùkù. Ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ìbéèrè mìíràn á yọjú.

Hypochondriasis ni àwọn dókítà ń pe àníyàn ìlera tipẹ́. Àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà pa orúkọ náà tì nínú ìwé ìlànà wọn lọ́dún 2013, wọ́n sì pín àìsàn náà sí méjì: ti ẹni tí nǹkan ń ṣe lára tó sì ń dààmú lé e lórí, àti ti ẹni tí nǹkan kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ń bà. Èyí èkejì gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù 6 ó kéré tán kí wọ́n tó kà á sí àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò pa orúkọ àtijọ́ tì ní tiwọn.

Ìdí tí ẹ̀rù rẹ̀ fi ń pọ̀

Èèyàn á rò pé bí àrùn bá ṣe ṣọ̀wọ́n tó ni ẹ̀rù rẹ̀ á ṣe kéré tó. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ibà ń dá àwọn ará Abẹ́òkúta dùbúlẹ̀ lọ́dọọdún, ó sì ń pa ọmọdé, síbẹ̀ agbára káká ni wàá fi rí ẹni tó ń jí lóru tó ń làágùn nítorí rẹ̀, torí kò sílé tí kò ti ṣe é rí tó sì lọ. Àrùn tí ẹnì kankan ládùúgbò kò ṣe rí ni ọkàn kì í mọ ibi tí yóò gbé e sí. Bí wọ́n bá sọ fún ẹni tó ń ṣàníyàn pé ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù èèyàn ló ń kó o, èsì rẹ̀ ti wà lẹ́nu: bó bá wá jẹ́ èmi ni ẹyọ kan yẹn ńkọ́?

Abẹ́òkúta kò sì jìnnà sí ìròyìn irú àrùn bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ẹnì kan ti ní àrùn Kòrónà ní Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ará Ítálì ni, Èkó ló gbà wọlé, Ewékorò ló sì lọ, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Keje ọdún 2014, Ebola wọ Èkó. Èèyàn 20 ló mú, 8 nínú wọn kú, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì gbóná, àwọn èèyàn ń tẹ ara wọn láago lóru pé kí oníkálukú fi omi iyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀. Ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ebola kò mú wọn.

Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé

Ìmọ̀ tó wúlò jù fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà ni ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọ ara. Iye èèyàn tó ti pa kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án lọ́wọ́.

Ẹ mú Naegleria fowleri, tí àwọn oníròyìn ń pè ní amúbà tó ń jẹ ọpọlọ. Inú odò, adágún àti omi aláìníyọ̀ mìíràn tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń gbé. Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nípa àìsàn tó ń fà, lọ́dún 1965. Imú ló ń gbà wọlé, nígbà tí omi bá fagbára rọ́ sókè nínú ihò imú. Ẹni tó mu omi náà kò lè tipa bẹ́ẹ̀ kó o, aláìsàn kì í kó o ran ẹlòmíràn, kì í sì í gbé inú omi òkun. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èèyàn 164 ló mú láti ọdún 1962 títí dé 2023, 4 péré ló sì yè é. Nọ́ńbà kejì yìí ni aláníyàn máa ń rántí. Ti àkọ́kọ́, tó fi hàn pé kò tó èèyàn mẹ́ta lọ́dún ní orílẹ̀-èdè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ti bọ́ lórí rẹ̀.

Mùsùlùmí tó ń fa omi símú nígbà àlùwàlá, tó sì jẹ́ pé omi kànga tàbí ti táńkì tí oòrùn ń pa ló ń lò, ní ohun tó lè ṣe: kó se omi tó máa fà símú, kó jẹ́ kó tutù, tàbí kó má fà á jìnnà sókè. Ó parí síbẹ̀. Ẹni tó tún wá ń sá fún omi ìbọ́jú, tó ń gbé irú tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀ sí imú lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́ kó lè mọ̀ bóyá òun ṣì ń gbóòórùn, ti kọjá ààlà ìṣọ́ra. Àníyàn ló ń darí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ti àrùn ajá dìgbòlugi yàtọ̀, torí òun kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà, ó sì yẹ kéèyàn bẹ̀rù rẹ̀ níbi tó yẹ. Nínú èèyàn 100 tó bá kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ara ajá ni wọ́n ti kó o. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é. Nítorí náà, ẹni tí ajá bá bù jẹ tàbí tó ha títí awọ fi bó kò gbọ́dọ̀ dúró máa rò ó. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí ajá náà bá ní olówó, tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń ṣọ́ ọ, tí ara rẹ̀ sì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò lè jẹ́ pé ó kó àrùn náà ran ẹni tó bù jẹ. Ṣùgbọ́n ajá tó kàn gba ẹ̀gbẹ́ ẹni kọjá ní Pánṣékè ní Abẹ́òkúta, tàbí tó fi ahọ́n lá ẹsẹ̀ tí kò ní ojú egbò, kò sí abẹ́rẹ́ kankan tí wọ́n ń gbà fún un.

Bí ó ṣe ń bọ́ ara rẹ̀

Lọ́dún 1986, Paul Salkovskis àti Hilary Warwick kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ìfọ̀kànbalẹ̀ tí aláìsàn ń tọrọ lemọ́lemọ́ wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí àníyàn rẹ̀ lọ. Orí ìwòye yìí ni púpọ̀ nínú ìtọ́jú òde òní dúró lé.

Ẹ fojú inú wo aládìrẹ kan ní Ìtòkú tí abẹ́rẹ́ gún níka nígbà tó ń ran aṣọ tó fẹ́ rẹ. Lálẹ́, wọ́n fi fídíò kan ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp nípa kòkòrò tó ń jẹ ẹran ara. Ó wo ìka rẹ̀: etí ojú abẹ́rẹ́ náà ti dúdú. Aró ni, ó sì mọ̀ pé aró ni, ṣùgbọ́n ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń ta á. Ó ya á ní fọ́tò, ó tún un yà ní wákàtí kan lẹ́yìn náà, ó gbé méjèèjì síra wọn. Ó tẹ ìka náà wò bóyá yóò dùn ún, ó tún un tẹ̀, títí ìka fi wú. Wíwú yẹn ló wá di ẹ̀rí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ó ti bi ọkọ rẹ̀ léèrè, ó ti bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ti dé kẹ́míìsì méjì.

Ẹ̀rù fúnra rẹ̀ tún ń mú ara ṣe oríṣiríṣi: ọkàn á máa lù kìkìkì, ọwọ́ á máa ta ṣìnṣìn, ọ̀fun á há, orí á máa fọ́, òòyì á máa kọ́ni. Bí èèyàn bá sì kọ irú àwọn àmì wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí àrùn burúkú tí kò ní rí níbẹ̀.

Àyẹ̀wò kún àyẹ̀wò náà ní ewu tirẹ̀. Ká sọ pé àrùn kan ń mú ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù, àyẹ̀wò rẹ̀ sì ń ṣì í ní ẹ̀ẹ̀kan nínú 100. Bí wọ́n bá ṣe é fún mílíọ̀nù èèyàn, nǹkan bí 10,000 ni yóò gbọ́ pé àwọn ní in tí wọn kò sì ní in. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó ní kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀.

Ọdẹ orí àti Àrò

Àwọn Yorùbá mọ ohun tó jọ èyí tipẹ́. Ẹni tí ọdẹ orí ń bá jà á ní nǹkan ń rìn lórí òun bíi kòkòrò, etí òun ń pariwo, àyà òun ń já. Dókítà ọpọlọ kan, Makanjuola, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn lọ́dún 1987, ó sì tọ́ka sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn pé ó wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe. Kò ṣòro láti rí bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe máa gbọ́ ìròyìn amúbà tó ń jẹ ọpọlọ, tí yóò sì ní òun nìyẹn.

Abẹ́òkúta ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 lábẹ́ Thomas Adéoyè Lambo, tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta lọ́dún 1923. Ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tó yá, ó di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Pẹ̀lú gbogbo èyí, «wọn ò bá gbé e lọ sí Àrò» ṣì jẹ́ èébú láàárín ìlú, ọ̀pọ̀ tí àníyàn ń dà láàmú sì máa ń ti ilé àyẹ̀wò kan bọ́ sí òmíràn dípò kí wọ́n yà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lọ síbẹ̀ ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń padà sílé lọ́jọ́ kan náà.

Ìtọ́jú

Ìtọ́jú tí ẹ̀rí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù ni èyí tó ń bá èrò àti ìṣe lò pọ̀. Olùtọ́jú kì í bá aláìsàn jiyàn pé kò lè kó àrùn láé, torí kò sẹ́ni tó lè búra bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n jọ ń ṣe ni kí aláìsàn kọ́ bí a ṣe ń gbé pẹ̀lú iyèméjì kékeré: kó sún yíyẹ ara wò síwájú fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà títí di ọ̀la, kó dá ìwákiri orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró, kó padà síbi tó ti ń sá fún. Aládìrẹ inú àpẹẹrẹ yẹn á ti ọwọ́ bọ aró padà, kò sì ní ya fọ́tò.

Ẹbí ní ipa tí wọ́n ń kó, ó sì ṣòro. Bí ìyàwó bá béèrè lẹ́ẹ̀kẹfà pé «Bàbá Bọ́lá, ẹ wo ọrùn mi, ṣé kò le?», ìfẹ́ ló ń mú ọkọ dáhùn, ìdáhùn yẹn ló sì ń pe ìbéèrè keje. Èyí tó ràn án lọ́wọ́ jù ni kó ní, «Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́, ṣùgbọ́n a ti sọ pé a ò ní yẹ̀ ẹ́ wò mọ́ lónìí», kó sì jókòó tì í. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná tí ọrùn sì le ní tòótọ́, tí èèyàn ń sọ ìsọkúsọ, tí gìrì mú un tàbí tó dákú, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó máa ṣàníyàn tó tẹ́lẹ̀.

Dókítà tún lè kọ oògùn irú fluoxetine, tí wọ́n tún ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, fún ẹni tí àníyàn rẹ̀ le. Ó máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń rà fúnra ẹni ní kẹ́míìsì, wọn kì í sì í dá a dúró lójijì. Dókítà ló ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.