Páálí kọ́ la fi ń mọ búráńdì sípíkà tó ro ti àyíká

Nǹkan tó ń bíni nínú jù nínú ọ̀rọ̀ bá a ṣe ń mọ búráńdì sípíkà àti íápíìsì tí ò ba àyíká jẹ́ ni páálí. Kọ́ńpìnnì á gbé íápíìsì tuntun jáde, wọ́n á ya àwòrán ewé sí i lára, wọ́n á ní bébà àlòtúnlò làwọn fi ṣe páálí ẹ̀, àwọn ò sì fi ọ̀rá kankan wé e, kíá, gbogbo èèyàn á ti gbà pé búráńdì yẹn ò ba ayé jẹ́. Páálí tí wọ́n máa sọ nù lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á o! Íápíìsì tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́, ọdún mélòó ló máa lò? Tó bá bàjẹ́, ṣé ó ṣeé tún ṣe? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ búráńdì wò dáadáa máa kọ́kọ́ wá ẹni tó ni ín. JBL fún àpẹẹrẹ, Harman ló ni ín, Samsung sì ti ra Harman látọdún 2017, torí náà ìròyìn ọdọọdún ti Samsung náà wà lára ohun tó yẹ kó kà. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èéfín carbon, ìyẹn èyí tó ń mú kí ayé gbóná. Ìpele mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: èyí tí kọ́ńpìnnì fúnra ẹ̀ ń jó, èyí tó ti ara iná tó ń rà wá, àti ìpele kẹta tó kó gbogbo yòókù, látorí irin tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ títí dé iná tí oníbàárà ń lò nílé. Ọ̀pọ̀ búráńdì sípíkà ni ò ní fáátírì tiẹ̀, ẹlòmíì ló ń bá wọn ṣe é, torí náà tí wọ́n bá ní àwọn ò tú èéfín mọ́, tó sì jẹ́ pé ìpele kìíní àti ìkejì nìkan ni wọ́n kà, ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ń sọ, sípíkà ò sí níbẹ̀.

Ibi tó dùn jù ni títú sípíkà fúnra ẹ̀ palẹ̀. Yorùbá mọ ìwádìí ṣe. Tí ọmọ bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ìyá ọmọbìnrin yẹn kọ́ ni wọ́n máa lọ bi pé báwo ni ìwà ọmọ ẹ̀, torí kò sí ìyá tó máa ní ọmọ òun ń jalè. Aládùúgbò ni wọ́n máa bá, ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà, bàbá tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí àlejò ò sí ńlé. Ìròyìn ọdọọdún kọ́ńpìnnì, ìyá ọmọ nìyẹn. Aládùúgbò ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, òun ló rí i lọ́jọ́ tí aṣọ ò sí lára ẹ̀. Àwọn tó ń tún sípíkà ṣe l'Óṣogbo, láti Ìgbọ̀nà dé Òkè-Fìà, wọ́n á sọ ọ́ láìfi bò pé èyí, síkúrù ló dè é, tọ̀hún, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pa, téèyàn bá fagídí ṣí i á fọ́.

Ẹ wo sípíkà onígi ńlá tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, irú èyí tí wọ́n ń kó jáde lóṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé. Tí kọ́ìlì ẹ̀ bá jó, wọ́n á wé òmíì. Tí bébà àárín ẹ̀ bá ya, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀. Fóòmù etí ẹ̀ ló máa ń tètè jẹrà, ooru àti ọ̀rinrin ló ń jẹ ẹ́, èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe máa ń pẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n fóòmù náà ṣeé pààrọ̀, mágínẹ́ẹ̀tì àti irin tó kù sì lè lo ọdún 20 kí nǹkan kan má ṣe é.

Ẹ wá wo íápíìsì kékeré tí ò ní wáyà. Bátìrì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan létí ọ̀tún, ọ̀kan létí òsì, ọ̀kan nínú àpótí tó ń ṣáájì wọn. Lithium-ion ni, tó bá ti gba ṣáájì kún bíi ìgbà 300 sí 500, agbára ẹ̀ á ti wálẹ̀ sí bíi ìdá 80 nínú 100, ooru sì tún máa ń jẹ́ kó tètè rẹ̀ ẹ́. Kò sóhun tó ṣe sípíkà inú ẹ̀, kò sóhun tó ṣe Bluetooth ẹ̀, bátìrì bíńtín ló kú, wọ́n sì ti fi gọ́ọ̀mù dí i pa, ni gbogbo ẹ̀ bá di ìdọ̀tí. iFixit tó máa ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó fún un ní máàkì, òdo nínú 10 ni wọ́n fún AirPods àkọ́kọ́, íápíìsì Apple, torí kò ṣeé tún ṣe. Íápíìsì Fairbuds tí kọ́ńpìnnì Fairphone ilẹ̀ Netherlands gbé jáde lọ́dún 2024, 10 nínú 10 ló gbà, torí èèyàn lè fọwọ́ ara ẹ̀ yọ bátìrì ẹ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn yòókù ni ò fẹ́ ṣe é. Òfin bátìrì ilẹ̀ Yúróòpù tiẹ̀ máa sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n yọ àwọn nǹkan kan sílẹ̀.

Èyí tójú ò rí ni software, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń darí ẹ̀. Lọ́dún 2019, Sonos, kọ́ńpìnnì tó ń ṣe sípíkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan, ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ìdá 30 nínú 100 kúrò lówó sípíkà tuntun á kọ́kọ́ fi èyí tó ní sí Recycle Mode, tó bá pé ọjọ́ 21, sípíkà yẹn á kú pátápátá, kò ní ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Sípíkà tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá! Ariwo pọ̀ gan-an, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò lọ́dún 2020. Ẹni tó bá wo páálí nìkan ò lè rí irú èyí láé.

Àbùkù kan wà lára àwọn máàkì bíi ti iFixit yìí náà. Wọ́n máa ń kà á sí pé ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ṣeé rà, pé ibi tí wọ́n ti ń gba àlòkù padà wà nítòsí. Ibí yìí, ara òkú sípíkà ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọ́n fi ń jí ààyè, ọpọlọ ńlá sì ni, ṣùgbọ́n kò sí búráńdì tó yẹ kó gba máàkì fún un. Èyí tí ò bá ṣeé jí mọ́ á bá àwọn tó ń ra kóńdẹ́mù lọ, wọ́n á dáná sun wáyà ẹ̀ kí wọ́n lè rí kọ́pà inú ẹ̀. Ìròyìn UN sọ pé tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 62 ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná ni ayé dà sílẹ̀ lọ́dún 2022, ìdá 22.3 nínú 100 péré ló sì wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n kó jọ láti tún lò. Torí náà, búráńdì tó bá ní òun ń gba àlòkù padà, ẹ bi í pé níbo, nílùú wo.