Àwòrán tó ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ àwòrán tí àwọn Aborigine, ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, ń yà nínú aṣálẹ̀, àmì tó-tò-tó ló máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Wọ́n á ní ọ̀ṣọ́ lásán ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí àwọn àgbà Papunya, ibùgbé Aborigine kan láàárín Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìtàn wọn sórí pátákó lọ́dún 1971, ohun awo hàn nínú àwọn iṣẹ́ kan, inú sì bí àwọn Aborigine ibòmíì. Wọ́n ti ń to irú àmì bẹ́ẹ̀ sára àti sórí ilẹ̀ níbi orò wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n lórí pátákó, wọ́n tún wá ń fi bo ohun tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtàn ibi tó fẹ́ yà. Láàárín àwọn Warlpiri, ẹ̀yà Aborigine kan, kirda ni ẹni tó jogún ibẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá. Kurdungurlu ni ẹni tí ìyá rẹ̀ ti ìdílé náà wá. Kirda ló ni ín, kurdungurlu ló ń ṣọ́ ọ kó má baà ṣì í yà. Bí ilẹ̀ ẹbí ló rí: àrólé kò lè dá a tà, ẹbí gbọ́dọ̀ pé, àgbà á tọ́ka sí pèrègún àlà, ọmọ-osú náà á sì sọ tiẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni, torí kò sí ẹnìkan tó lè dá yí ìtàn padà.

Èyí ni agbára tí àwọn ará Ngurrara, àwọn Aborigine tó ń pe ẹjọ́ ilẹ̀ wọn, lò lọ́dún 1997. Ní Pirnini, lẹ́bàá aṣálẹ̀ Great Sandy, àwọn ayàwòrán tó lé ní ogójì ya àwòrán sórí aṣọ kan ṣoṣo, tó fẹ̀ ní mítà 8 tó sì gùn ní mítà 10. Kálukú mú ibi tirẹ̀, ó ya jila, ojú omi tí kì í gbẹ, tí baba ńlá wọn ń gbé. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ dé, wọ́n tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀. Kálukú dúró sórí ibi tó yà, ó sì fi èdè tirẹ̀ ṣàlàyé.

Lọ́dún 2007 ni ilé ẹjọ́ gbà pé àwọn ló ni ilẹ̀ náà, ó lé ní 70,000 km². Ọdún mẹ́wàá yẹn pẹ́ jù. Àwọn kan lára àwọn tó yà á ti kú.